Èsì: Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kan ọmọ mi tó wà nínú àpótí amóoru

Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá ọmọ. Ẹ béèrè bóyá ọwọ́ yín lè pa ọmọ yín lára nínú àpótí amóoru, ìyẹn àpótí tí ilé ìwòsàn fi ń mú kí ara ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan bo orí rẹ̀, ìkejì sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má máa fọwọ́ ra á lára. Ìyẹn máa ń ni ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lára. Bí nọ́ọ̀sì bá ti gbà, ẹ gbé e lé àyà yín, ara kan ara. Oṣù ọmọ tèmi náà kò pé; ìka rẹ̀ kò ju igi ìṣáná lọ, síbẹ̀ ó di ìka mi mú ṣinṣin! Ẹ máa fún wàrà ọmú yín pamọ́ fún ọmọ yín, bíi ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, kódà bó ṣe ẹ̀kán díẹ̀ ló jáde. Kí bàbá rẹ̀ náà máa bá a sọ̀rọ̀.