Ìgbẹ́ gbuuru aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ọkùnrin wà ní ọsibítù, wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é. Ó ti gba kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, wọ́n sì tún ń fún un ní abẹ́rẹ́ antibáyótíìkì nítorí ibà. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń yàgbẹ́ omi. Màmá wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé glúkóòsì tó ń mu ló fà á. Wọ́n ti ra àgbo ní Sábó. Ṣé ká fún un, àbí kí n ra Flagyl àti Imodium ní kẹ́míìsì? (Ẹ̀gbọ́n aláìsàn, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ẹ má fún un ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi tí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí kúrò lọ́nà, torí èrò yẹn lè pa èèyàn.

Orúkọ kan yìí la fi ń pe ìdí yíyọ, ìgbẹ́ ọ̀rìn, inú rírun àti ẹ̀yìn dídùn. Glúkóòsì kò fa èyí tó ń ṣe àbúrò yín. Kẹ́mò kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín jẹjẹrẹ àti ohunkóhun mìíràn tó ń yára dàgbà nínú ara, awọ inú ìfun sì wà lára àwọn tó ń yára dàgbà. Ó ń bó o. Lọ́wọ́ kan náà, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil, ọmọ ogun ara, ń wálẹ̀. Tó bá ti lọ sílẹ̀ ju 500 lọ nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ilé ti ṣófo, ilẹ̀kùn sì ti wó. Antibáyótíìkì wá pa àwọn kòkòrò rere tó ń gbé inú ìfun. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ni kòkòrò kan tó ń jẹ́ Clostridioides difficile máa ń gbà. Oró tó ń tú jáde ló ń sọ ìgbẹ́ di omi.

Ẹ wá wo ohun tí àgbo yóò ṣe sí irú inú bẹ́ẹ̀. Ewé tó ń yọ inú, irú àsúnwọ́n, ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Yóò tún máa fa omi jáde lára ẹni tí omi ara rẹ̀ ti ń tán. Bí wọ́n bá fi ọtí rẹ ẹ́, ọtí yóò jó egbò. Bí ó bá jẹ́ omidùn, ẹgbàágbèje kòkòrò alààyè ló wà nínú rẹ̀. Inú èmi àti ẹ̀yin lè gbà á. Ti àbúrò yín kò lè gbà á, torí láti ojú egbò ìfun ni wọ́n ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Ìdí kan náà ni mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un ní omi láti ìdí, kí wọ́n má sì ki tẹmómítà tàbí oògùn bọ ibẹ̀.

Imodium ńkọ́? Ó ń dá ìfun dúró, oró náà yóò sì jókòó síbẹ̀. Ìfun lè wú títí tó fi máa bẹ́. Flagyl máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú mọ́ fún kòkòrò yìí. Vancomycin tí wọ́n ń mu lẹ́nu, mílígíráàmù 125, ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, tàbí fidaxomicin, ni. Bí ẹ bá rí i pé nọ́ọ̀sì po oògùn abẹ́rẹ́ vancomycin fún un láti mu, ẹ má bínú: èyí tí wọ́n gún sí iṣan kì í dé inú ìfun tí kòkòrò wà. Ẹ má sì torí pé ẹ ka iye yìí níbí lọ rà á. Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ gbuuru ni kòkòrò yìí ń fà. Kẹ́mò fúnra rẹ̀ lè fà á, oúnjẹ ìta náà lè fà á. Àyẹ̀wò ló máa sọ.

Nítorí náà, ẹ ka iye ìgbà tó yàgbẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti pé mẹ́ta láàárín wákàtí 24, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba ìgbẹ́ olómi náà sínú ike tí wọ́n bá fún yín, kí ìtọ̀ má dà mọ́ ọn, kó sì dé láàbù kó tó pé wákàtí méjì. Ẹ má dúró di àárọ̀ tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38.3, tàbí tó wà ní 38 fún wákàtí kan, tí ikùn rẹ̀ bá wú tàbí tó ń dùn ún ní ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò tọ̀ mọ́. Ẹ má fún un ní parasítámọ́ọ̀lù kí ẹ tó pe nọ́ọ̀sì, torí yóò bo ibà náà mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ yín ńkọ́? Sánítáísà kò tó. Kòkòrò yìí máa ń wọ inú èèpo líle bí ẹ̀kùrọ́ ṣe wà nínú èèpo tirẹ̀, ọtí inú sánítáísà kì í wọ̀ ọ́. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 20, lẹ́yìn tí ẹ bá gbé póò àti kí ẹ tó fún un lóúnjẹ. Fún póò àti ilé ìgbẹ́, ẹ fi bílíìṣì: bí ara ìgò bá sọ pé 5 nínú 100 ni, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n mẹ́sàn-án omi, bí ó bá jẹ́ 3.5, ìwọ̀n kan sí mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọlẹ̀ mìíràn. Èéfín rẹ̀ lè dá mímí dúró.

Ẹ bá màmá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ìfẹ́ ló gbé àgbo náà wá, mo mọ̀, ẹ má bá wọn jà. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ kíka ìgbẹ́ àti fífọ ọwọ́, iṣẹ́ ìyá ni. Ṣùgbọ́n bí àbúrò yín bá ti mu nínú rẹ̀ kí ẹ tó ka ìdáhùn yìí, ẹ sọ fún dókítà lónìí, ẹ má tijú: iye ife tó mu, ìgbà tó mu ún, àti bóyá ọtí tàbí omidùn ni wọ́n fi rẹ ẹ́.