Ṣé Èébú Ni "Ará Òkè"?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ sí Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n lọ wo ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè níbẹ̀. Wọ́n gun àtẹ̀gùn títí ó fi rẹ̀ wọ́n, oníkálukú ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀kan nínú wọn wá wo afinimọ̀nà tó ń mú wọn lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí òógùn ò tilẹ̀ yọ lójú rẹ̀, ló bá ní: "Ẹ̀yin ará òkè yìí mà le o!" Àgbà kan tó bá wọn lọ gbaná jẹ. Ó ní kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, kó tọrọ àforíjì. Afinimọ̀nà ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá. Ará òkè náà ni wá."

Ohun tí ọmọ yìí wá fẹ́ mọ̀ ni pé, èébú ni "ará òkè" àbí kì í ṣe èébú? Tó bá jẹ́ èébú, kí ló pa ẹni tí wọ́n bú lẹ́rìn-ín?

Àbúrò mi, àgbà yẹn jàre, afinimọ̀nà náà jàre. Òkè tó wà lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ni òkè tó bọ́ sétí ọmọ Ìdànrè.

Jẹ́ ká ti ilé wa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu àwa tí a ń gbé etí ọ̀sà, òkè kò dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ga. Bí o bá dúró létí omi ní Ẹ̀pẹ́, tí o kẹ̀yìn sí ọ̀sà, gbogbo ibi tí ojú rẹ kọ sí, òkè ni: Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, títí dé Ìlọrin. Ilẹ̀ ibẹ̀ ìbáà tẹ́ bí àwo, òkè la ó máa pè é. A ní òkè tiwa náà o, Òkè Balógun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè máa jẹ gúgúrú gun ìyẹn. N kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ Òkè Balógun ní ará òkè.

Lójú tèmi, Èjìnrìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbó. Kí mọ́tò tó gba òwò lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, ọjà ńlá ni Èjìnrìn tó wà nítòsí wa yìí. Ọkọ̀ á gbéra láti Èkó, á kó iyọ̀ àti ọjà òyìnbó wá; àwọn oníṣòwò á ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ru epo, oúnjẹ àti aṣọ wálẹ̀. Àwọn tó ń rù wálẹ̀ yìí ni ará òkè. Títí dé ibẹ̀, kò sí èébú kankan nínú rẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ní "àwọn ará ọ̀hún" ni.

Bí mo ṣe rò ó, ẹnu oníṣòwò ló bà á jẹ́. Ọmọ etí ọ̀sà kì í ra ẹja kó má ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pọ́n, á fi ìka tẹ ẹran ara rẹ̀ bóyá ó ń padà sípò. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá kò mọ èyí. Á gbé ẹja, á wo bó ṣe tóbi tó, á sanwó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ẹlẹ́ja pé, "Gbé èyí sápá kan fún ará òkè, kò mọ ojú ẹja." Ẹja àná ni wọ́n ń wí o, ìgbà mìíràn ẹja ìjẹta. Láti ibẹ̀ ni "ará òkè" ti di ẹni tí kò lajú, ẹni tí wọ́n lè rẹ́ jẹ. Àgbà tó bá yín lọ mọ ìtumọ̀ yìí dáadáa. Bóyá òun gan-an ti gbé ẹja ìjẹta fún ẹnì kan rí!

Síbẹ̀, wo aṣọ òkè. Àwọn tó ń hun ún ní Ìsẹ́yìn, òfì ni wọ́n ń pè é; sányán, àlàárì, ẹtù, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló lórúkọ tirẹ̀. Àwa tí a dúró nísàlẹ̀ de ẹrù la sọ ọ́ ní aṣọ òkè, aṣọ tó ti ọ̀dọ̀ ará òkè wá. Kò sí ìgbéyàwó kan ní Ẹ̀pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ìyá ìyàwó ní òun ò fẹ́ aṣọ ará òkè. Owó rẹ̀ ni wọ́n máa ń pariwo lé lórí.

Àti pé ọ̀rọ̀ náà kò dúró síbì kan. Ẹni tó wà lẹ́yìn odò Ọya, ará Òkè Ọya ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn òkun, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ará òkè òkun ni. Òkè kan náà ni, òkè tó túmọ̀ sí "ọ̀hún, níwájú, lẹ́yìn ibi tí ojú wa mọ". Ṣùgbọ́n pe ẹnì kan ní ará òkè òkun, kó o wo bí àyà rẹ̀ á ṣe gbòòrò.

Ìyẹn ni òkè tiwa. Ti Ìdànrè kì í ṣe ìhà téèyàn kọjú sí. Òkúta ni, ó dúró gbagidi lójú ẹ. Èmi náà ti gùn ún rí. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni, wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, ibi ìsinmi kejì ni mo ti ń bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́. Ohun tó sì ń ya àlejò lẹ́nu ni pé téèyàn bá gun gbogbo rẹ̀ tán, kì í bá ṣóńṣó. Ìlú ló máa bá. Àwọn òkúta mìíràn tó tún ga ju ibi tó gùn lọ yí ìlú náà ká, bí ìgbà tí wọ́n gbé ìlú sínú abọ́. Àfonífojì ni, ṣùgbọ́n àfonífojì tó wà lókè. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè gbé ibẹ̀ lọ́dún gbáko kó má rí òrùlé kan ṣoṣo.

Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ibi tí agogo wà, ibojì àwọn àgbà, àti Ẹsẹ̀ Agbógun, ojú ẹsẹ̀ kan lára òkúta tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í gbà, ìbáà tóbi, ìbáà kéré. Mo ki tèmi bọ̀ ọ́. Ó gbà á. Ìyàwó mi ní bàtà nìkan ni ẹsẹ̀ mi kì í gbà.

Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi gbé orí òkè yìí. Nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà báyìí, nígbà tí ogun ti dáwọ́ dúró, tí kòkó àti ojú títì ti ń fa èèyàn wálẹ̀. Ní 2007, wọ́n fi ibẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo aráyé. Kódà ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí àwọn òkè yẹn tí kò sí níbòmíràn láyé. Ìyẹn ni ará òkè gidi.

Wàyí o, orúkọ tí àwọn àgbà Ìdànrè ń pe ìlú náà ni Ufẹ̀ Òkè. Ufẹ̀ ni Ifẹ̀ nínú ẹ̀ka èdè wọn. Wọ́n gbà pé láti Ifẹ̀ ni baba wọn ti gbé adé Odùduwà wá, tí wọ́n sì tẹ Ifẹ̀ mìíràn dó sórí òkè. Ó ti yé ọ báyìí? Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ la ẹnu, tó ní "ẹ̀yin ará òkè", ohun tí afinimọ̀nà yẹn gbọ́ súnmọ́ oríkì. Bí ìgbà téèyàn pe ìwọ ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ta ni ìyẹn ń bí nínú?

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi òkè yangàn tó bẹ́ẹ̀? Nítorí òkè ló gbà wọ́n. Ọ̀nà tóóró ni ọ̀tá á gbà gòkè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èémí á ti tán nínú rẹ̀, ẹni tó wà lókè á sì ti rí i tipẹ́. Nílẹ̀ Yorùbá, ibi tó bá gba èèyàn lọ́wọ́ ogun kì í ṣe ilẹ̀ lásán mọ́, wọ́n á máa kí i, wọ́n á máa bọ ọ́. Ìdànrè ń ṣe ọdún Ọ̀rósùn títí dòní, bẹ́ẹ̀ orúkọ òkè kan níbẹ̀ ni Ọ̀rósùn. Àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ, wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Orúkọ ìlú wọn kò fi ibi tí wọ́n sá sí pa mọ́. Ìbàdàn ń ṣe ọdún Òkè Ìbàdàn, Abọkè sì ni olórí àwọn tó ń bọ ọ́: a-bọ-òkè, ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ ara rẹ̀.

Ti Ìbàdàn yìí dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí ogun tú wọn, tí Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá sórí òkè, kò sí ọjà, kò sí oko. Èso òro ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jẹ ìgbín, wọ́n sì ń fi ìkarahun ìgbín ṣe abọ́ tí wọ́n fi ń fọ́rí mu. Ìyà ni. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì wọ́n lónìí: ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Ìyà tí wọ́n jẹ lórí òkè ni wọ́n fi ń wú ọmọ lórí níbi ìnáwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ. Òkèbùnmi, Òkèwùmí, Òkèdìran, ìdílé tó ń bọ òkè ló máa ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Lóde òní, tí o bá bi Òkèbùnmi kan, á ní Ọlọ́run òkè ni bàbá òun ń wí. Kí á sáà gbà fún un.

Kí àwa náà má sì gbàgbé ara wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò, Ẹ̀pẹ́ níbí ló gbà á àti àwọn èèyàn rẹ̀. Ọmọ wọn ni àwọn tí à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Kayókayọ̀ lọ́dọọdún. Wọn ò rí òkúta sá sí ní tiwọn, omi ni wọ́n rí. Ká ní òkè ló wà níwájú Kòsọ́kọ́ ni, àwa náà là bá máa jẹ́ ará òkè.

Nítorí náà, kì í ṣe pé àgbà yẹn ṣi ọmọ yẹn bá wí. Òun ń gbọ́ ọjà Èjìnrìn, kò sì lè mọ ohun tí ọmọ onílé máa gbọ́. Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá tún lọ, kó pè wọ́n ní ọmọ Ufẹ̀ Òkè, kó wá wo bí wọ́n ṣe máa ṣe é lálejò. Ẹ lọ láàárọ̀ kí òkúta tó gbóná, ẹ má sì gùn ún lẹ́yìn òjò, ó ń yọ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá délé, tó lọ sí Olúwo, ọjà ẹja wa ní Ẹ̀pẹ́, kó má dán an wò o. Ìyá tó ti Ìjẹ̀bú-Òde wá ra ẹja níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n ti gbé ẹja àná fún lẹ́ẹ̀mejì rí, ìyẹn ò ní rẹ́rìn-ín.