Èsì: Ọjọ́ àṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní báwo lẹ ṣe máa ṣe ọjọ́ àṣà ní community college yín (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì fún àwọn ará àdúgbò) tí ò fi ní jẹ́ aṣọ àti oúnjẹ nìkan. Ẹ má tíì sáré wá àwọn tó máa jó, àkókò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí nírú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣiṣẹ́, àwọn míì ní ọmọ nílé, tẹ́ ẹ bá wá fi sí aago méjì ọ̀sán, àwọn tẹ́ ẹ tìtorí wọn ṣe é gan-an ò ní lè wá. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún un ṣe nírọ̀lẹ́.

Tó bá jẹ́ déètì, February 21 ni ọjọ́ èdè abínibí ti UNESCO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà), May 21 sì ni ti oríṣiríṣi àṣà, àmọ́ ní May ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń palẹ̀ mọ́, February lèmi á mú.

A ṣe irú ẹ̀ rí, a ní kí kálukú kọ orúkọ ẹ̀ sí pátákó bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lédè wọn, kó sì kọ́ wa bá a ṣe ń pè é. Ọmọkùnrin kan wà tí tíṣà ti ń ṣi orúkọ ẹ̀ pè tipẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ní kí tíṣà yẹn tún un pè, gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí, tíṣà náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, gbọ̀ngàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn dé, ẹ má lò ó o, torí àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara.