Ẹ ká náílọ́ọ̀nù yẹn kúrò: òǹgbẹ ló ń pa ẹ̀fọ́ yín lásìkò ọyẹ́, kì í ṣe òtútù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìpẹru ni mò ń gbé, mo gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti tòmátì díẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Àtìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni etí ewé ti ń gbẹ, ewédú náà wá ń pọ́n bíi pé iná rà á. Àbúrò mi tó wà ní London ní òtútù ni, pé kí n máa fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Ẹnì kan tún fẹ́ ta òògùn ọyẹ́ fún mi. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á o, mà. Irú ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mi ṣáá láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, inú sì ń bí mi sáwọn tó ń ta omi aláwọ̀ nínú ìgò fáwọn èèyàn. Kò sí òògùn ọyẹ́ kankan. Ìgò tí wọn ò kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sí i lára, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ò gbọ́dọ̀ fín in sórí ohun tí ẹ máa fi se ọbẹ̀.

Àbúrò yín ò parọ́, ibi tó wà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti bá a mu. Ní London, lásìkò òtútù, ó lè tutù dé dígírì òdo kó tún wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi inú ewé á dì, tílẹ̀ bá fi máa mọ́ ewé á ti dúdú, á rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da nǹkan bo ọgbà lálẹ́ kí ooru ilẹ̀ má bàa sá lọ. Ti Ìpẹru yàtọ̀. Àárọ̀ ọyẹ́ tí gbogbo wa ń wọ súwẹ́tà yẹn, kì í sábà wá sísàlẹ̀ dígírì 15 níbí, tẹ̀tẹ̀ ò lè torí ìyẹn kú, ó kàn lè má tètè dàgbà ni. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò, tòmátì àti alùbọ́sà tí à ń rà ní Òkè-Ajé, Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, Kano àtàwọn ibẹ̀, inú ọyẹ́ gan-an ni wọ́n sì ń fa omi wọ oko tí wọ́n fi ń gbìn ín. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ń ti Jos wá, Jos tó tutù ju ọ̀dọ̀ wa lọ fíìfíì. Tó bá jẹ́ òtútù ọyẹ́ ló ń pa tòmátì, kí la ò bá máa lọ̀ sọ́bẹ̀? Òru tó tutù díẹ̀ tiẹ̀ dáa fún un, torí tí òru bá ti móoru jù, òdòdó ẹ̀ á máa rẹ̀ dànù láì so.

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń ṣe é. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń bọ̀, ibi tó bá ti rí omi ló ti ń fà á. Ẹ mọ bí aṣọ tí ẹ bá sá lọ́yẹ́ ṣe ń yá gbẹ tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe ewé. Ewé ní àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde, tí omi tó ń jáde bá wá ju èyí tí gbòǹgbò ń fà wọlé, etí ewé ló máa kọ́kọ́ gbẹ torí ọ̀dọ̀ ẹ̀ lomi ń dé kẹ́yìn. Ẹ wá fi náílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ di aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn ti yọ, inú ẹ̀ á gbóná, ewé á sè síbẹ̀.

Ti ewédú tó ń pọ́n, mo fura sí nǹkan míì pẹ̀lú. Ẹ já ewé kan, ẹ yí abẹ́ ẹ̀ sókè sí oòrùn. Tí ẹ bá rí ohun tó dà bí eruku pupa àmọ́ tó ń rìn, tí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn wà láàárín iṣan ewé, spider mite nìyẹn, kòkòrò tíńtín tó ń fa omi ara ewé mu. Tí ojú yín ò bá gbé e, ẹ gbọn ewé náà sórí bébà funfun. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń jẹ́ kó pọ̀, kò fẹ́ omi, torí náà omi lásán ni kí ẹ máa fi fọ abẹ́ ewé láàárọ̀ kùtù, èyí tó bá ti bàjẹ́ jù kí ẹ já a kí ẹ sun ún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fín òògùn ẹ̀fọn sí i. Májèlé ni dichlorvos, òògùn apakòkòrò táwọn kan ń fín sí ẹ̀fọ́, NAFDAC ti ní kí wọ́n má ṣe ìgò kékeré 100ml ẹ̀ mọ́ láti 2019.

Omi wá ńkọ́? Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́, ìdí ẹ̀ ni kí ẹ bù ú sí. Ilẹ̀ wa níbí, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ oníyanrìn, omi kì í pẹ́ nínú ẹ̀, torí náà ẹ ti ìka bọlẹ̀ dé oríkèé kejì, tó bá gbẹ níbẹ̀ omi ò tíì tó, kódà kí òkè tutù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ bo ilẹ̀, ilẹ̀ ni mo ní o, kì í ṣe ewé. Koríko gbígbẹ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, tàbí ìhá tó ti pẹ́ nílẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́ta, kó má kan igi ẹ̀fọ́. Lẹ́búlẹ́bú pákó tútù láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ò dáa, á bá ẹ̀fọ́ du oúnjẹ, ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà náà á jó o. Ebè gíga ìgbà òjò, ẹ rọ̀ ọ́ wálẹ̀. Kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó tó.

Mi ò fojú rí oko yín o, ohun tí ẹ kọ ni mo fi dáhùn. Ewé tó ti gbẹ létí ò lè padà tutù, tuntun ni kí ẹ máa wò. Tí tuntun bá ṣì ń gbẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fa igi kan tu, ẹ wo gbòǹgbò ẹ̀, tó bá rí kókókókó, ẹ dì í sínú ike, ẹ gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ní káńsù yín kí wọ́n wò ó kí ẹ tó gbin nǹkan míì síbẹ̀.