Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Orin Ìyìn Lẹ́nu Àwọn Ọmọdé

Olóòtú ọ̀wọ́n, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 5 sí 8 lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ń kọ ọ́ ketekete, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ẹ má dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Nínú ọ̀pọ̀ orin tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin kò bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu: bí orin bá tẹ́jú níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, “ogún” tí Baba fi sílẹ̀ fún wa yóò dún bí “ogun” létí ọmọ ọdún 5. Nítorí náà, kí ẹ tó dá orin, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu lásán pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó máa lé kí wọ́n sì máa gbè.

Lójú tèmi, orin tí a fi ohùn Yorùbá dá ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Abẹ́òkúta ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti wá, ẹni tí ó gba irú orin bẹ́ẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Orin méjì lóṣù tó wọn. Bí ọmọ kan bá sì gbàgbé ìlà kan, ẹ má jẹ́ kí àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín.