Fáírọ́ọ̀sì tó jáde ò tíì di fáírọ́ọ̀sì tó lè wọlé

Àbúrò, o ní o yọ Vpu, ọ̀kan lára purotéènì HIV-1, kúrò lára fáírọ́ọ̀sì náà, o fi 293T, sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí wọ́n ń tọ́ ní láàbù, ṣe é, ó sì ń jáde wàràwàrà bíi pé o ò yọ nǹkan kan. O wá ń béèrè bóyá irọ́ ni wọ́n pa fún yín nípa tetherin, purotéènì sẹ́ẹ̀lì tó ń so fáírọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ kó má bàa lọ, tí Vpu sì ń bá jà. Wọn ò parọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó o mú ni kò ní tetherin tó lè dá nǹkan kan dúró. Gbé plasmid yẹn kan náà, òrùka DNA tó o fi ṣe fáírọ́ọ̀sì, lọ sínú HeLa, sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ní tetherin, kó o wá wò ó.

Ìyàtọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì méjèèjì yìí gan-an ló ta àwọn olùwádìí lólobó. Láti 1988 ni wọ́n ti mọ Vpu, àmọ́ ó di 2008 kí Stuart Neil àti Paul Bieniasz tó fi hàn ní New York pé tetherin ni ohun tí Vpu ń bá jà.

Ohun tí wàá rí nínú HeLa rèé: p24, purotéènì inú fáírọ́ọ̀sì tá a fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó, á kún inú sẹ́ẹ̀lì dẹ́múdẹ́mú lórí Western blot, àyẹ̀wò tó ń fi purotéènì hàn bí ìlà, àmọ́ omi orí sẹ́ẹ̀lì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan. Fáírọ́ọ̀sì ti parí, ó ti yọ síta, kò kàn lè lọ ni. Tetherin ti ki orí kan bọ awọ sẹ́ẹ̀lì, ó ki orí kejì bọ awọ fáírọ́ọ̀sì, fáírọ́ọ̀sì wá dúró síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Bó o bá fẹ́ kó dá ọ lójú, da subtilisin, ẹnsáìmù tó ń gé purotéènì, sórí sẹ́ẹ̀lì náà fún ìgbà díẹ̀, fi kẹ́míkà PMSF dá a dúró, fi ẹ̀rọ yí sẹ́ẹ̀lì kúrò, kó o wá wá p24 nínú omi. Á ti ya síbẹ̀. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yẹn gan-an, torí ó ń pa ọ̀gá lẹ́nu mọ́.

Bí ọwọ́ ẹ ò bá tó HeLa, o lè fi plasmid tetherin kún 293T, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni kó o bù ú. Bó bá pọ̀ jù, Vpu pàápàá ò ní rí i gbé, wàá wá máa rò pé Vpu ẹ ti kú.

Àti pé, nígbà tó o bá wá tetherin fúnra rẹ̀ lórí blot, o ò ní rí ìlà kan tó mọ́ tónítóní. Ohun tó dàbí ọ̀dà tí wọ́n fi ọwọ́ nù ni wàá rí. Má sọ áńtíbọ́dì tó o fi wá a nù o! Ṣúgà tó wà lára purotéènì náà ló fà á. Fi ẹnsáìmù PNGase F bọ́ ṣúgà yẹn kúrò, ìlà á sì kó ara jọ.

Ìbéèrè ẹ kejì ló dùn mọ́ mi jù: o yọ Nef, purotéènì HIV mìíràn, o ṣe fáírọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ Jurkat, p24 pé pérépéré, síbẹ̀ TZM-bl, sẹ́ẹ̀lì tó máa ń tàn bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú rẹ̀, ò tàn. SERINC5 nìyẹn, purotéènì kan tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Ní 2015 ni ẹgbẹ́ Pizzato àti ẹgbẹ́ Göttlinger tú àṣírí rẹ̀, oníkálukú lọ́tọ̀. Òun kì í di fáírọ́ọ̀sì mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wọ ara rẹ̀ bá a lọ ni, tó bá wá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tuntun, awọ méjèèjì ò ní lè pọ̀ di ọ̀kan dáadáa. Nef ló máa ń kó SERINC5 kúrò lójú awọ kó tó ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba èsì p24 nìkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọn p24 ná, lẹ́yìn náà kó o da iye p24 kan náà lé TZM-bl lórí fún gbogbo àpẹẹrẹ.

O tún ní kí ló dé tí HIV fi ń tàn ká bí sẹ́ẹ̀lì bá ní gbogbo ìwọ̀nyí. Fáírọ́ọ̀sì náà ń kọ́ ọgbọ́n ni. Nef ni fáírọ́ọ̀sì ara ìnàkí fi ń ṣẹ́gun tetherin ìnàkí, àmọ́ ibi tí Nef ń dì mú ti já kúrò lára ti èèyàn. Vpu ti HIV-1 ẹ̀yà M kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ̀yà yẹn ló sì kárí ayé. HIV-2 ò ní Vpu rárá, Env, purotéènì ara awọ rẹ̀, ló ń lò.

Ṣe ti HeLa kọ́kọ́, kó o fi blot méjèèjì ránṣẹ́, ti inú sẹ́ẹ̀lì àti ti inú omi. Má gé ẹ̀gbẹ́ wọn dànù.