Skéèlì DRO lára lathe àtijọ́: ẹ̀gbẹ́ wo ni ká gbé e sí?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán ọ̀gá. Mo ra DRO (ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà hàn bí tool ṣe rìn tó) onílà méjì fún lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí tool lè gé e) àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, gíláàsì ni skéèlì ẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń wọn ìrìn náà. Èyí tó gùn ti wọ ẹ̀yìn bed, ìyẹn ìdí gígùn tí gbogbo ẹ̀ jókòó lé, kò yọ mí lẹ́nu. Ti cross slide, èyí tó ń gbé tool wọlé jáde, ni mi ò mọ̀, ṣé apá chuck tó di irin mú ni àbí apá tailstock tó wà ní òdìkejì ẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi tó ti de tiẹ̀ tún ní òun á ti tool wọlé 1 mm, irin tó ń gé á fi 2 mm kéré sí i. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán o. Apá tailstock ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Apá chuck ni irin gbígbóná àti omi coolant ń ta sí jù, gíláàsì ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ apá tailstock náà ní wàhálà tiẹ̀: lára ọ̀pọ̀ lathe, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀tì tá a fi ń lọ́ saddle (èyí tó gbé cross slide rìn lórí bed) pa wà, síkúrù tá a fi ń fún gib (irin pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo slide) náà ń bẹ níbẹ̀, tí skéèlì bá bò wọ́n ẹ ò ní rí wọn fọwọ́ kàn mọ́, tailstock ò sì ní lè sún mọ́ iwájú bíi tàtẹ̀yìnwá, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn skéèlì tó tín-ín-rín níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ wa slide lọ síwájú dópin, ẹ wà á padà dópin. Slide gbọ́dọ̀ dúró kí reader head (orí tó ń rìn lára skéèlì tó ń kà á) tó kan ìparí skéèlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa fọ́ ni. Bọ́ọ̀tì M5, díríìlì 4.2 mm lẹ máa fi lu ihò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó táàpù, ìyẹn kẹ́ ẹ tó gé ojú síkúrù sínú ẹ̀. Ètè rọ́bà skéèlì kó kọjú sílẹ̀ o, kí irin wẹ́wẹ́ má baà wọ inú ẹ̀.

Ẹ wá fi dial gauge (aago tó ń wọn ìyàtọ̀ kékeré) tọ ara skéèlì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìyàtọ̀ ẹ̀ má ju 0.1 mm lọ. Àwọn kan rò pé tó bá wọ́ díẹ̀ òǹkà á máa parọ́. Irọ́ yẹn ò tó nǹkan, kó tiẹ̀ wọ́ 1 mm lórí 200 mm, kò lè parọ́ tó 0.003 mm. Reader head tó máa há, tó máa jẹ bearing ara ẹ̀, nìyẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ike aláwọ̀ tó mú reader head dúró látilé iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má yọ ọ́ kí gbogbo bọ́ọ̀tì tó mú ṣinṣin, àlàfo tó wà láàárín reader head àti skéèlì ló ń ṣọ́.

Ti ọ̀rẹ́ yín, kò sóhun tó bà jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni tool ń wọ̀ ṣùgbọ́n irin ń yí, torí náà ọ̀tún òsì ló ń gé. Kó lọ sétò X (ìlà ti cross slide) lórí DRO, kó yí i sí diameter (ìbú irin látẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì), kó gé díẹ̀, kó fi micrometer wọ̀n ọ́n, kó wá tẹ nọ́ńbà yẹn sójú DRO.

Hándù tó ń yí lásán kí slide tó gbéra ò kan òǹkà mọ́, torí ara slide ni skéèlì ń kà. Compound, slide kékeré tó wà lórí cross slide, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, DRO onílà méjì ò rí i rárá, tẹ́ ẹ bá fi í wọlé òǹkà ò ní yí, ẹ yáa lọ́ ọ pa.